Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Eré Orí Ìtàgé Ìgbà Èwe Wa

Nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, mo fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ kan lójú ìwé yìí láìrò ó tẹ́lẹ̀. Mo ní nínú eré ogun Kírìjì tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ṣe ní Èkìtì lọ́dún 1967, èmi kọ́ ni Fábùnmi, akọni ogun Èkìtì, èmi kọ́ sì ni olorì. Èmi ni ìbọn. Mo tún fi kún un pé Fábùnmi ló jẹ́ kí n yìn kí àsìkò tó tó. N kò mọ̀ pé gbólóhùn méjì yẹn yóò rọ̀jò lẹ́tà lé mi lórí. Ìkọ̀lé, Ìjerò, Arámọkọ àti Adó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, gbogbo wọn ló sì dá lórí eré tí àwọn òǹkàwé wa ṣe, tàbí tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Márùn-ún ni ààyè gbà. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà.

Ìbéèrè: Ìyá wa Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Ní ọdún 1974, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, mo ṣe ipa ìyàwó kékeré nínú eré kan tí olùkọ́ wa fi parí ọdún. Ìyálé, ìyàwó, ọba àti babaláwo kan wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà ti di olóògbé, kò sì sí ìwé eré náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rántí kò ju ọ̀rọ̀ tèmi àti orin kan lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣe é níbi ọjọ́ ìbí mi tó ń bọ̀. Ṣé ó ṣì ṣeé kó jọ, àbí kí n gbàgbé rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbàgbé rẹ̀, àbúrò mi. Eré náà wà. Kò kàn sí lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìwé rẹ̀ kò fi sí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà kò kọ eré sílẹ̀ rárá. Olùkọ́ yóò ro ìtàn náà sínú, yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, yóò sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún un, ọmọ yóò sì máa wí i tẹ̀lé e títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó bá tilẹ̀ kọ ọ́, inú ìwé ìkọ̀wé kan péré ni yóò wà, torí kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi tẹ ogójì ẹ̀dà fún ogójì ọmọ. Nítorí náà, kò sí ọmọ tó mọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu ẹni tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ìgbà tó bá gbọ́ ìyẹn ló tó mọ̀ pé ó ti kan òun. Ibi ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo tèmi. Ẹ̀yìn aṣọ ni mo wà. Ìró mẹ́ta tí a yá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni aṣọ náà, wọ́n fi okùn ta wọ́n láti fèrèsé kan dé èkejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti já lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí orí ìtàgé láti ibẹ̀. Àgbá epo òfìfo kan wà níwájú mi, ọmọ odó ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni láti lu àgbá náà kí ó dún bí ìbọn ńlá tí àwọn Èkìtìparapọ̀ fi dojú kọ àwọn ará Ìbàdàn, torí inú ìró ìbọn yẹn ni wọ́n ti mú orúkọ ogun ọ̀hún: kì-rì-jì. Olùkọ́ wa kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ lù ú títí Fábùnmi yóò fi sọ pé, “A kò sìn mọ́ láé.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dánra wò, n kò sì ṣì í lù lẹ́ẹ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn kún, wọ́n gbé fìtílà gáàsì kọ́ òpó, tọ́rọ́ ni ọmọdé san wọlé, sísì ni àgbàlagbà. Fábùnmi fò jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú tí wọ́n fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n. Àwọn èèyàn hó yèè. Ìhó yẹn ló kó sí i lórí, ohun tó yẹ kí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: “A kò sìn mọ́ láé!” Mo gbé ọmọ odó sókè, mo sì yìn.

Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mẹ́jọ tí wọ́n ti kọ́ pé bí ìbọn bá ti dún kí wọ́n ṣubú, wọ́n ṣubú. Wọn kò tíì pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, ẹnikẹ́ni kò tíì kéde ogun, ogun sì ti tán. Ajẹ́lẹ̀ dúró láàárín òkú mẹ́jọ, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Mo gbọ́ tí olùkọ́ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pé, “Ẹ dìde, ẹ dìde, kò tíì tó àsìkò.” Bí wọ́n ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìyá àgbà kan jáde láàárín òǹwòran, ó fi sísì kan lé àyà ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ pé wọ́n ní kí òun dìde, òkú sì na ọwọ́ gba owó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ máa ń sọ kí wọ́n tó pa á, n kò sì mọ bí eré náà ṣe parí, nítorí bí mo bá ti yìn lẹ́ẹ̀kẹta tán ni wọ́n máa ń rán mi lọ pọn omi fún àwọn ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lóru òní, n óò sọ “A kò sìn mọ́ láé” fún yín pẹ̀lú ohùn tí ọmọ náà fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni. Ọwọ́ mi ló ń dúró dè é.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó ṣe ìyálé yín rí. Ẹ má bi í pé, “Kí ni ìtàn eré wa?” Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, ìtàn tó ti ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni yóò sọ fún yín, èyí tó ti fi iyọ̀ àti ata sí. Ẹ bi í pé, “Kí ni mo máa ń sọ tí ẹ fi ń dá mi lóhùn?” Ẹ óò rí i pé yóò mú ọ̀rọ̀ yín jáde, ẹ̀yin náà yóò sì mú tirẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò so kọ́ra bí ìtàkùn. Láti ọ̀dọ̀ ìyálé, ẹ óò dé ọ̀dọ̀ ọba, láti ọ̀dọ̀ ọba, ẹ óò dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ má dá wọn dúró láti ṣàtúnṣe. Orin tí ẹ rántí yẹn, ẹ kọ ọ́ sí wọn létí kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ẹni tó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ lè rántí ègbè, kí ègbè náà sì fa nǹkan mìíràn bọ̀.

Ibòmíràn wà tí àwọn èèyàn kì í ronú dé: ẹrù tí a yá. Adé ọba lè jẹ́ páálí, ṣùgbọ́n iyùn ọrùn olorì kì í ṣe páálí. Ìdílé tó yá yín ní iyùn, aṣọ òfì tàbí irùkẹ̀rẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ náà, pàápàá bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá sọnù níbẹ̀. Mo mọ ilé kan tí wọn kò tíì dárí ji ilé-ìwé wa títí di òní.

Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá rántí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá tí olùkọ́ yín kò sọ dí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jáde wá, kí ó sọ pé, “Ibí yìí ni àwọn ìyá wa ti gbàgbé,” kí eré máa lọ. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Ìbéèrè: Mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní agbègbè Arámọkọ, mà. Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ní ilé-ìwé wa, bàbá mi sì sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ọmọ máa gorí tábìlì ṣeré, pé àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Níbo gan-an ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ ti kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Tábìlì nìkan ni ti òyìnbó nínú rẹ̀, ẹ bá mi kí bàbá. Kí òyìnbó tó mú ṣọ́ọ̀kì dé ni àwọn eégún alárìnjó ti ń jáde láti Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìdílé Ológbojò sì ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ ìtàn wọn. Wọ́n ń di ọ̀nì, wọ́n ń di ọ̀bọ, wọ́n ń fi ará Tápà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí òyìnbó sì dé, wọ́n gbẹ́ imú gígùn, wọ́n fi òun náà kún un. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Èkìtì, bí ọmọdé kò bá tilẹ̀ rí alárìnjó, ó rí àlọ́ lábẹ́ òṣùpá, níbi tí ẹni tó ń pa á ti ń dún bí ìjàpá, tí ó ń dún bí yánníbo, tí gbogbo agbo sì ń gbè é. Ẹni tó bá ti gbè àlọ́ rí ti wà nínú eré.

Ìjọ fi tirẹ̀ kún un. Ní Ọjọ́ Ọmọdé, ọmọ máa ń dúró lórí àpótí, yóò ka ẹsẹ̀ Bíbélì lórí láìwo ìwé. Ní Kérésìmesì, Màríà, Jósẹ́fù àti àwọn amòye yóò rìn wọ inú ìjọ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́rùn. Inú ìjọ náà ni Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀: eré nípa ọgbà Édẹ́nì ni ó ṣe fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó lọ́dún 1944.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ fún bàbá ni èyí. Ògúndé ti ṣe olùkọ́ kí ó tó ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó wá di onítíátà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì wa níbí, tí wọ́n bí lọ́dún 1925, tí ó sì kú lọ́dún 1973, olùkọ́ ni òun náà. Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo, olùkọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ọwọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú kí wọ́n tó gun orí ìtàgé. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ àtijọ́ kó ọmọ jọ sábẹ́ igi láti kọ́ wọn ní eré, kì í ṣe pé ó ń fara wé àwọn onítíátà lásán. Láti inú irú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn onítíátà ti jáde. Àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1955 sì jẹ́ kí ilé-ìwé kún fọ́fọ́, kí ọmọ tó lè ṣe òkú, ìlú, igbó àti ọmọ ogun pọ̀ ju bí a ṣe ń fẹ́ lọ.

Bí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn onítíátà bá wọ ìlú, tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń fi gbohùngbohùn kéde, àwa ọmọdé a sáré tẹ̀lé e títí dé gbọ̀ngàn. Kì í ṣe gbogbo wa ló rówó wọlé. Ojú fèrèsé ni èmi ti wo tèmi, mo sì dúró lé èjìká ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi ní òun kò lè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí bí ìyẹn náà ṣe parí.

Ẹ dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ sì fún bàbá ní ipa kan nínú eré àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, mà. Adó-Èkìtì ni mo wà. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, mo ṣe ipa àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò ju “Mò ń lọ sí ilé” lọ, “ulé” ni mo sì pè é. Gbogbo òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ nà mí níwájú gbogbo kíláàsì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́ níbi ìnáwó, “ulé” yẹn ṣì máa ń dẹ́rù bà mí. Ṣé olùkọ́ mi jàre?

Ìdáhùn: Kò jàre. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Yorùbá inú Bíbélì àti inú ìwé kíkà ni ìdánwò ń béèrè, ìyẹn sì súnmọ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ ju bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Olùkọ́ yín ń wo alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ tó lè jókòó síwájú; kò wo àgbẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo dájú pé bí òun náà ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, “ulé” ni ó dé.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi “i” bẹ̀rẹ̀, “u” ni Èkìtì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ulé, ugi, ùdí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adó, kí ni ẹ ń pe ọdún tí Ewì, ọba yín, máa ń ṣe lọ́dọọdún? Ùdírókò ni. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wá sí ààfin láti sọ pé kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ sí Ìdí-ìrókò.

Ẹ̀rín àwọn òǹwòran náà, mo rò pé ẹ ṣì í túmọ̀ láti ìgbà yẹn wá, pàṣán ló sì kọ́ yín ní ìtumọ̀ náà. Èmi ti jókòó láàárín òǹwòran Èkìtì lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọmọ bá ti ń sọ Yorùbá ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn a dákẹ́ bí ẹni tó wà ní ìjọ. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní oko, gbogbo gbọ̀ngàn a tú ká sẹ́rìn-ín, wọn a máa yọ owó. Wọ́n ń rí ara wọn ni. Àgbẹ̀ tó ń lọ sí “ilé” lórí ìtàgé Èkìtì kò dájú lójú wọn, bóyá ará Ìbàdàn ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe àgbẹ̀ náà bó ṣe yẹ.

Mo gbà pé kí asọ̀tàn máa lo Yorùbá àjùmọ̀lò kí àlejò lè gbọ́. Bí ó bá kan àgbẹ̀, ìyálọ́jà àti ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn. Ní ti gbohùngbohùn, nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé e fún yín ní Adó, “ulé” gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo ojú àwọn àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀.

Ìbéèrè: Láti Ìjerò-Èkìtì. Wọ́n yan ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, láti ṣe Màríà nínú eré Kérésìmesì ìjọ wa, ó sì ń sunkún lálaalẹ́. Ṣé kí n fi dandan mú un ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, torí ó lè má jẹ́ èrò. Ó lè jẹ́ bàtà tó há tàbí ọmọkùnrin tí wọ́n fi ṣe Jósẹ́fù. Bí ó bá jẹ́ èrò ni, ẹ bẹ olùdarí eré kí ó fún un ní iṣẹ́ lẹ́yìn aṣọ. Ẹ ti rí i pé ẹ̀yìn aṣọ kì í ṣe ibi tí kò lágbára.

Ìbéèrè: Àbúrò mi Ìbọn, èmi ni Fábùnmi. Ìwé kẹfà ni mo wà, ìwé kẹrin lẹ wà. Ìbàdàn ni mo ti ń gbé láti nǹkan bí ogójì ọdún, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn ni mo ti gba ilé. Ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí. Mo fẹ́ ṣàtúnṣe. N kò fi “A kò sìn mọ́ láé” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi o. “A kò sìn” ni mo sọ, ẹ kò sì dúró kí n parí rẹ̀. Igi ìdáná ló sì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ọmọ odó. Àti pé ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ìbọn ló parí eré wa. Òyìnbó ló parí rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun kun ọmọ kan lójú, ó wọ kóòtù olùkọ́ tó gùn dé kókósẹ̀, ó mú ìwé àdéhùn ọdún 1886 jáde, èmi àti Balógun Ìbàdàn sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ kò rántí ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi Fábùnmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò lè rántí ohun tí n kò rí. Ìdí kànga ni mo wà nígbà tí ẹ ń tẹ̀wé àdéhùn. Ọmọ odó ni o. Ìyá mi fi ibi tó ti là hàn mí ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gún iyán, títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ní ti ẹni tó ṣì í sọ, mo gbà kí a fi í sílẹ̀ báyìí, nítorí olùkọ́ nìkan ló lè dájọ́, òun náà sì ti lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ti fún mi ní ìparí eré tí mo ti ń wá láti ọdún 1967. Ó wá ku ohun tí ajẹ́lẹ̀ sọ kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá gbọ́ ọ láti ibi tí ẹ dúró sí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú yẹn náà, níbikíbi tó bá wà, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó gbọ́ kí ó tó jáde.